Kí Ẹ Tó Fi Windows Sílẹ̀ Lọ Bá Mac

Àwọn ìyá wa tí wọ́n fi iná igi sílẹ̀ tí wọ́n bọ́ sórí sítóòfù oníkẹrosíìnì, tí wọ́n sì tún fi sítóòfù sílẹ̀ bọ́ sórí gáàsì, mọ̀ pé ọbẹ̀ kan náà ni à ń sè, ìkòkò kan náà ni à ń gbé ka iná, ṣùgbọ́n ọwọ́ ní láti kọ́ iná tuntun. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ iná igi mú iná gáàsì, bí ọbẹ̀ kò bá jóná, ara olúwarẹ̀ ni yóò jó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ìyàwó ilé tí ó ti ń lo ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá Windows láti ọdún pípẹ́, tí ó wá fẹ́ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí a ń pè ní Mac. Lẹ́tà kan náà ni yóò máa kọ, àkáǹtì kan náà ni yóò máa ṣírò, àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ kan náà ni yóò máa tọ́jú. Síbẹ̀, iná ti yí padà.

Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sí ìsinsìnyí, kò sí ibi tí mo dé, ìbáà ṣe ní iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe níbi ìsọmọlórúkọ, tí àwọn ọ̀dọ́ ìyá kì í ti í bi mí pé, “Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni pé Mac dára ju Windows lọ? Ṣé kí n fi owó àjọ mi rà á?” Tẹ́lẹ̀ rí, n óò ti dáhùn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí èmi fúnra mi ti rin ìrìn-àjò yìí, tí mo sì fi ohun tí owó kò lè rà san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n padà. Àwọn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lónìí.

ÌBÉÈRÈ KÌN-ÍN-NÍ: KÍ NI Ó Ń ṢE ÈYÍ TÍ Ẹ NÍ?

Baálé mi ni ó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yìí. Mo ti ń sọ̀rọ̀ Mac fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ni ó bá wò mí lójú, ó ní, “Ìyá Ìbejì, kí ni ó ń ṣe èyí tí ó wà nílé?” Inú bí mi díẹ̀, nítorí mo rò pé ó fẹ́ fi ọgbọ́n sọ pé kò sí owó ni. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀kọ́ tí èmi náà ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó padà sọ́dọ̀ mi: kí a tó ná owó ilé, ó yẹ kí a ya ohun tí a nílò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó kàn wọ̀ wá lójú. Mo mú ìwé àti kálàmù, mo kọ àwọn àìsàn kọ̀ǹpútà wa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ iná. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni tiwa, àlòkù tí ó ti òkè òkun dé ni. Bí iná bá ti lọ báyìí, UPS rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ tuntun, gbogbo ilé yóò sì dìde: ẹnì kan á sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, èmi á máa tẹ bọ́tìnì kí iṣẹ́ mi má baà ṣòfò. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú ojú rẹ̀ sábà máa ń gba iná tí ó tó 100 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ẹ̀yin náà mọ bí owó epo ti rí. Mo ṣírò epo tí a ń rà nínú oṣù kan nítorí kọ̀ǹpútà nìkan, ẹnu yà mí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ààbò. Windows 10 ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà wa. Ilé-iṣẹ́ Microsoft tí ó ni Windows dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò ni wọ́n fi ọdún kan sí i fún, títí dé oṣù kẹwàá ọdún 2026. Èyí kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà náà yóò kú ní ọjọ́ kejì. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé bí olè bá rí ihò tuntun lára ògiri, kò ní sí birikìlà tí yóò wá dí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò lè gbé Windows 11, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, sórí kọ̀ǹpútà tiwa, nítorí kò gba púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú ọdún 2018.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń falẹ̀ ni ó ní láti ra òmíràn. Bí kọ̀ǹpútà yín bá gba Windows 11, tí ó jẹ́ pé fífà nìkan ni ó ń fà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé díìsìkì ayé àtijọ́ tí ń yí ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ lè bá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ sọ ọ́ kí ó fi díìsìkì irú tuntun, èyí tí a ń pè ní SSD, rọ́pò rẹ̀. Owó tí ìyẹn yóò gbà kéré púpọ̀ sí owó kọ̀ǹpútà tuntun, ìyàtọ̀ rẹ̀ a sì máa dà bí ìgbà tí a gbé ẹrù kúrò lórí arúgbó.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: IṢẸ́ WO NI Ẹ FẸ́ FI ṢE?

Kí a tó lè dáhùn èyí, ó yẹ kí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì yé wa. Windows kì í ṣe orúkọ kọ̀ǹpútà. Ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà ni. Microsoft ni ó ṣe é, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sì jáde ni oṣù kọkànlá ọdún 1985. Orí ẹ̀rọ tí oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ń ṣe ni ó ń gbé, bí HP, Dell àti Lenovo. Mac ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ Apple tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976 ni ó ń ṣe ẹ̀rọ náà, òun náà ni ó sì ń ṣe ètò tí ń darí rẹ̀, èyí tí a ń pè ní macOS. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984 ni Mac àkọ́kọ́ jáde. A lè fi Windows wé aṣọ tí a rà lọ́jà, tí a lè gbé tọ aránṣọ èyíkéyìí. Mac dà bí aṣọ tí ẹnì kan ṣoṣo hun, tí òun náà gé, tí òun náà rán. Ó sábà máa ń bá ara mu dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ya, kì í ṣe gbogbo aránṣọ àdúgbò ni yóò lè tún un ṣe, owó rẹ̀ kò sì ní jẹ́ owó kékeré.

Ohun tí ó mú kí Mac wúlò fún ilé tí iná ti ń ṣe ségesège ni àyípadà tí Apple ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Títí di ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ Intel ni ó ń ṣe ọpọlọ Mac. Ní oṣù náà, Apple gbé ọpọlọ tí òun fúnra rẹ̀ ṣètò jáde, ó pè é ní M1. MacBook Air tí ó ní M1 nínú kò ní fáànù rárá, kò wúwo tó kílò kan àbọ̀, ṣájà tí ó bá a wá kò ju 30 wáàtì lọ, Apple sì kéde pé bátìrì rẹ̀ lè gbé e fún wákàtí 15 bí a bá ń fi wo íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́wọ́ mi, bí mo bá gbà á ní iná kún ní òru, mo lè fi kọ ìwé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìtan jẹnẹrétọ̀. Kí n má parọ́, àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká Windows kan ti wà nísinsìnyí tí bátìrì tiwọn náà ń pẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Mac nìkan ni ó lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọ̀dọ́mọbìnrin kan fún yín. Iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ni ó ń ṣe, ó ń fi ẹ̀rọ kọ orúkọ àti òdòdó sára aṣọ òkè àti aṣọ ilé-ìwé. Àjọ oṣù mẹ́wàá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, Mac ni ó sì fẹ́ rà, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ń ya àwòrán ìyàwó ní ọ̀kan. Mo bi í pé, “Ètò tí o fi ń ya ọnà náà kí ẹ̀rọ rẹ tó rán an, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lórí Mac?” Kò mọ̀. A jọ wo páálí ètò náà: Windows nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ó bá ti ra Mac ni, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó ń bọ́ ọmọ méjì ì bá dákẹ́ sí iyàrá. Kọ̀ǹpútà Windows àlòkù tí ó dára ni ó rà, ó sì fi owó tí ó ṣẹ́kù ra òwú àti bátìrì tí ń gba iná sára. Títí di òní ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ni ó yẹ kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ètò tí ẹ ń lò sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Word àti Excel wà fún Mac, WhatsApp náà sì wà. Mac tún ń bá Pages àti Numbers wá lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì lè ṣí ìwé tí a fi Word àti Excel kọ. Ṣùgbọ́n Access àti Publisher ti Microsoft kò sí fún Mac, bẹ́ẹ̀ ni ètò ìṣirò-owó Sage 50 tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò mọ̀ sí Peachtree, orí Windows ni ó ń gbé. Bí iṣẹ́ tí ń mú owó wọlé fún yín bá rọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú irú ètò wọ̀nyí, ẹ dúró sí ibi tí ẹ wà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: NÍBO NI Ẹ̀DÀ OHUN ÌNÍ YÍN WÀ?

Ìbéèrè yìí ni ó dùn mí jù, nítorí n kò bi ara mi ní àkókò tí ó yẹ.

Kí ìyá mi tó jáde láyé, mo jókòó tì í ní ilé ìdáná rẹ̀, mo sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ṣàlàyé bí a ti ń ṣe èkuru tí yóò fúyẹ́, bí a ti ń se gbẹ̀gìrì tí kò ní dì, bí a ti ń sẹ́ ògì fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, àti àwọn nǹkan mìíràn. Nítorí ẹ̀kọ́ mi ni mo ṣe gbà á sílẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo mọ̀ pé ogún ni. Nígbà tí àyè fún ní orí kọ̀ǹpútà wa, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí hard disk kékeré kan tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti ìta. Mo rò pé ṣe ni mo dà á kọ. Kíkó ni mo kó o. Kò sí ẹyọ kan tí ó kù lẹ́yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí Mac dé, mo ki díìsìkì yìí bọ̀ ọ́. Mo rí àwọn fáìlì mi, mo lè ṣí wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ tuntun kún wọn, Mac kọ̀. Ohun tí ó fà á kò ṣòro: ọ̀nà tí Windows ń gbà to díìsìkì, tí a ń pè ní NTFS, Mac lè kà á, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i bí a kò bá fi ètò mìíràn ràn án lọ́wọ́. N kò mọ èyí nígbà náà. Mo pe ẹnì kan tí ó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì dá mi lóhùn lórí fóònù pé, “Ẹ fọ díìsìkì náà, Mà, kí ẹ tún un tò kí Mac lè lò ó.” N kò bi í pé kí ni ó ń jẹ́ fífọ̀. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ka ohun tí a kọ sára agolo kí wọ́n tó ṣí i, èmi náà ni mo tẹ Erase láìka ìkìlọ̀ tí ó wà níwájú mi.

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Àbúrò mi obìnrin ní mẹ́ta nínú méje náà lórí fóònù rẹ̀, nítorí mo ti fi ránṣẹ́ sí i nígbà kan tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀ tí àárò ìyá wa ń sọ ọ́. Mẹ́rin yòókù ti lọ. Ohùn tí ó sọ ti gbẹ̀gìrì wà lọ́wọ́ wa. Ti ògì ọmọ aláìsàn kò sí mọ́. Mo ṣì rántí ohun tí ó sọ, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé kì í rẹ́rìn-ín bí ìyá mi ti í rẹ́rìn-ín láàrin ọ̀rọ̀. Ẹ̀bi Mac kọ́, ẹ̀bi Windows kọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí mo pè nìkan. Èmi ni mo gbé gbogbo ẹyin mi lé orí àtẹ́ kan, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi yí àtẹ́ náà dànù.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ òfin yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó di ìṣe yín, ẹ̀báà máa lo Windows, ẹ̀báà máa lo Mac. Ohunkóhun tí ẹ kò bá fẹ́ sunkún lé lórí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí díìsìkì ìta, ọ̀kan ní ibi tí kì í ṣe inú ilé yín, ìbáà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lọ́dọ̀ ẹbí tí ẹ fọkàn tán. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí Apple ń pè ní Migration Assistant, tí ó ń kó ẹrù láti orí Windows wá sórí Mac. Bí ó bá ti kó o tán, ẹ ṣí àwọn fáìlì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwòrán àti ohùn. Ẹ má ṣe ta kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ má sì ṣe pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, títí oṣù kan yóò fi kọjá. Bí ẹ bá sì fẹ́ díìsìkì tí Windows àti Mac yóò jọ máa lò, ẹ ra tuntun, kí ẹ tò ó ní ìlànà exFAT nígbà tí òfìfo ṣì ni.

BÍ Ó BÁ JẸ́ ÀLÒKÙ NI Ẹ FẸ́ RÀ

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí náírà jẹ́ sí dọ́là, Mac tuntun ti di ohun tí apá ọ̀pọ̀ ìdílé kò ká. Àlòkù ni púpọ̀ nínú wa ń rà, ìbáà ṣe ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà ní Èkó tàbí ní ìlú mìíràn. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, bí a bá la ojú wa. Ẹ yẹ nǹkan márùn-ún wọ̀nyí wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èkíní, ẹ tẹ àmì èso ápù tí ó wà ní igun òkè lápá òsì, kí ẹ yan About This Mac. Bí ó bá jẹ́ Intel ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ rọra kúrò níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó dín owó tó. Apple ti kéde ní ọdún 2025 pé macOS tí ó jáde ní ọdún náà ni ìkẹyìn tí yóò gba ọpọlọ Intel. M1 tàbí èyí tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ rà.

Èkejì, ẹ rí i dájú pé ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Títì kan wà tí a ń pè ní Activation Lock; bí kò bá ṣí i, ẹ kò ní lè lò ó, àwo lásán ni ẹ rà. Kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń tà á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ níwájú yín, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá mú Remote Management jáde, ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé kan ṣì ni ín. Ẹ má rà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ bèèrè iye ìgbà tí bátìrì rẹ̀ ti yípo. Ẹgbẹ̀rún kan ìgbà ni Apple ṣírò fún bátìrì MacBook kí agbára rẹ̀ tó dín kù gidigidi. Èyí tí ó bá ti súnmọ́ iye yìí, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú owó tí ẹ óò san.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ra èyí tí àyè rẹ̀ tó yín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí a kì í lè fi àyè kún MacBook tí a bá ti rà á tán. Èyí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows tí a lè tú nídìí. Ìrántí 8 GB tó fún lẹ́tà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ń ṣe àwòrán tàbí fídíò, kí ó wá 16 GB.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ka ihò ara rẹ̀. MacBook Air oní-M1 kò ní ju ihò USB-C méjì lọ, flash tí ẹ ní nílé kò sì ní wọ inú wọn. Ẹ fi owó ohun ìsopọ̀ kékeré kan kún ètò ìnáwó yín.

Ọ̀SẸ̀ ÀKỌ́KỌ́

Ó gba ọwọ́ mi ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó yé ṣìnà. Bọ́tìnì Command tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ ni ó gba ipò Control: Command pẹ̀lú C ni ó ń da nǹkan kọ, Command pẹ̀lú V ni ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Command pẹ̀lú S ni ó ń fi í pamọ́, Command pẹ̀lú Z ni ó sì ń gbani nígbà tí a bá ṣìṣe. Bí ẹ bá tẹ àmì pupa ní igun òkè, ojú ìwé nìkan ni ó máa ń pa dé lọ́pọ̀ ìgbà, ètò náà ṣì jí sílẹ̀. Command pẹ̀lú Q ni ó ń pa á pátápátá. Delete ń pa lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ pa èyí tí ó wà níwájú, ẹ fi Fn kún un. Bí ohunkóhun bá sọnù sí yín lọ́wọ́, Command pẹ̀lú bọ́tìnì gígùn yóò ṣí ibi tí ẹ ti lè wá a. Bí ẹ bá sì ń wá ohun tí ọwọ́ ọ̀tún máòsì ń ṣe lórí Windows, ìka méjì ni kí ẹ fi tẹ pátákó ìfọwọ́tẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá, ẹ wọ inú ètò kíbọọ̀dù, kí ẹ yan ABC Extended. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá tẹ Option pẹ̀lú x, tí ẹ sì tẹ e, o tàbí s, àmì abẹ́ yóò jáde. Option pẹ̀lú e ni ó ń fi àmì òkè sí i, Option pẹ̀lú àmì tí ó wà lókè Tab tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà z sì ń fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Kò sí àwáwí mọ́ fún lẹ́tà tí ó wà níhòòhò.

Ẹ má ṣe gbàgbọ́ pé fáírọ́ọ̀sì kì í wọ Mac. Ó ń wọ ọ́. Ẹ má ṣe gba ètò láti ibi tí ẹ kò mọ̀, ẹ sì máa gba àtúnṣe tí Apple bá fi ránṣẹ́, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí orúkọ ọ̀tọ̀ fún àwọn ọmọ lórí rẹ̀, kí ẹ fi Screen Time pààlà sí àkókò wọn. Àwọn ìbejì mi ti kọ́ mi pé ọmọ ọdún mẹ́rin lè pa ìdánwò ìdajì kíláàsì rẹ́ pẹ̀lú ìka kan. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé yín sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìbí. Lákòótán, ẹ má ṣe pààrọ̀ kọ̀ǹpútà ní àsìkò tí iṣẹ́ há: kí aránṣọ má ṣe é ní oṣù kejìlá, kí olùkọ́ má sì ṣe é ní àsìkò ìdánwò.

Bí ẹ bá wá bi mí lónìí pé ṣé mo kábàámọ̀ pé mo fi Windows sílẹ̀, n óò ní rárá. Jẹnẹrétọ̀ wa ń sinmi, mo sì ń rí wákàtí kan sùn sí i lóru. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ ṣe bí mo ti ṣe. Ṣe bí o ti mọ ni à ń wí. Ẹ bá baálé yín jókòó, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn ni ó ra kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ojú. Kí ẹ sì tó gbé ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, lálẹ́ òní yìí, kí àwọn ọmọ tó sùn, ẹ wá ohùn tàbí àwòrán kan tí ẹ kò ní fẹ́ pàdánù láéláé, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé kò ní tú mọ́ wa lórí o.